Àwọn ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún ní agbègbè Ìlọrin àti gúúsù Kwárà

Láti nǹkan bí ọdún 1817 títí di 1897, ilẹ̀ tí à ń pè ní Ìlọrin àti gúúsù Ìpínlẹ̀ Kwárà lónìí kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìsinmi. Onírúurú ogun ni wọ́n jà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n so kọ́ra débi pé ó ṣòro láti ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Wọ́n dá kún ìṣubú Ọ̀yọ́-Ilé, wọ́n sọ Ìlọrin di ìlú ẹ́míà, wọ́n fọ́ Ọ̀fà, wọ́n sì fi ààlà kan sílẹ̀ tó pín àwọn Ìgbómìnà sí méjì, tó sì pín àwọn Ìbọ̀lọ́ náà sí méjì.

Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó fi Ìlọrin ṣe ibùjókòó, ló kọ́kọ́ ya ìlú náà kúrò lábẹ́ Aláàfin. Kí apá rẹ̀ lè ká Ọ̀yọ́, ó pe Ṣéù Alimi, àfáà Fúlàní kan, wá sọ́dọ̀. Ó tún gba àwọn ẹrú Haúsá tó sá kúrò lọ́wọ́ olówó wọn, àwọn darandaran Fúlàní àti àwọn Mùsùlùmí Yorùbá tí Sọ̀lágbérú kó jọ sí Òkè Súnà. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun yìí ni wọ́n ń pè ní jàmáà. Nígbà tí ìkógun wọn pọ̀ jù tí Àfọ̀njá fẹ́ kápá wọn, àwọn gan-an ló pa á, ní nǹkan bí 1823 tàbí 1824. Abdulsalami ọmọ Alimi di ẹ́míà àkọ́kọ́, ó sì gba àsíá, àmì àṣẹ, láti Gwandu, ọ̀kan lára àwọn olú-ìlú ìjọba Fúlàní ti Ṣókótó. Sọ̀lágbérú náà kò pẹ́ lẹ́yìn Àfọ̀njá: àwọn ará Ìlọrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló pa á. Ẹni tó bá fẹ́ pe gbogbo èyí ní ìjà Fúlàní àti Yorùbá lásán yóò rí i pé ìtàn náà kò gbà á, nítorí pé Yorùbá wà ní ìhà méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ní nǹkan bí 1836 ni Aláàfin Olúewu kó ogun Ọ̀yọ́ àti ti àwọn Ìbàrìbá jọ láti gba Ìlọrin padà. Nínú ogun náà, tí a mọ̀ sí Ogun Ẹlẹ́dùwẹ̀, Ìlọrin ṣẹ́gun Ọ̀yọ́ pátápátá, Aláàfin sì kú nínú rẹ̀. Ọ̀yọ́-Ilé di ahoro, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì fọ́n ká. Púpọ̀ nínú wọn sá lọ sí gúúsù, ṣùgbọ́n àwọn kan wọ Ìlọrin fúnra rẹ̀.

Ẹṣin àti igbó

Bí ilẹ̀ ṣe rí ṣe pàtàkì nínú bí ogun ṣe lọ. Ọ̀dàn ni Ìlọrin wà, níbi tí koríko pọ̀ tí ẹṣin sì ti lè sáré. Oríkì ìlú náà kò gbàgbé èyí, tó fi ní ẹṣin ni eégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ sì ni orò ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ogun bá ṣe ń lọ sí gúúsù, bẹ́ẹ̀ ni igbó ń ki sí i, àwọn eṣinṣin tí ń fa àìsàn sì ń pa ẹṣin. Lójú ogun Òṣogbo, ní nǹkan bí 1840, àwọn Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin, láti ìgbà náà sì ni ẹlẹ́ṣin kò ti rí ọ̀nà dé ilẹ̀ igbó mọ́.

Àwọn ìlú tó wà ní etí ọ̀dàn ló wá di pápá ìjà. Ọ̀fà, tó jẹ́ ìlú Ìbọ̀lọ́, pẹ̀lú Ajàṣẹ́-Ìpo, Òmù-Àrán àti àwọn ìlú Ìgbómìnà mìíràn, wà láàárín agbára méjì, Ìlọrin àti Ìbàdàn. Ìlọrin ń fi ajẹ́lẹ̀, ìyẹn aṣojú rẹ̀, sí àwọn ìlú wọ̀nyí láti gba ìṣákọ́lẹ̀. Ìbàdàn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní apá tirẹ̀, ìwà àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní Èkìtì sì wà lára ohun tó fa Ogun Kírìjì láti 1877.

Ìlọrin wà ní ìhà Èkìtì nínú ìjà yìí. Ní ọjọ́ 1 Oṣù Kọkànlá, ọdún 1878, ọmọ ogun Ìlọrin, Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Ìlá kojú Ìbàdàn ní Ìkìrun. Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n ló ṣáájú Ìbàdàn, ó sì lé wọn. Bí àwọn tó ń sá ṣe ń bẹ́ sínú Odò Ọ̀tìn tí omi sì ń gbé wọn lọ ni ogun náà fi gba orúkọ Jálumi.

Ìdótì Ọ̀fà

Ọ̀fà gbára lé Ìbàdàn, Ìlọrin sì dó tì í fún ọ̀pọ̀ ọdún. Balógun Kàràrà ni orúkọ rẹ̀ hàn jù nínú àwọn ọ̀gágun Ìlọrin níbẹ̀, àwọn ológun Ìbàdàn sì wà nínú ìlú láti gbèjà rẹ̀. Nígbà tí Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀, ìyẹn àwọn Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn tó bá wọn parapọ̀ nínú Ogun Kírìjì, fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọjọ́ 23 Oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1886, àlàáfíà náà kò dé Ọ̀fà. Ìlú náà ṣubú ní ìparí àwọn ọdún 1880. Àwọn tí wọn kò pa tàbí kó lẹ́rú di ogúnléndé ní àwọn ìlú Ìbọ̀lọ́ tó wà ní gúúsù, ó sì di ẹ̀yìn ìgbà tí Ìlọrin bọ́ sọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì kí ọ̀pọ̀ nínú wọn tó padà wá tún ilé kọ́. Rélùwéè láti Èkó gba Ọ̀fà kọjá kí 1910 tó dé. Ibùdó ọkọ̀ náà ló sọ ọ́ di ìlú ọjà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ààlà

Ní 1893, Gómìnà Carter ti Èkó wá sí Ìkìrun, ó sì mú kí Ìbàdàn àti Ìlọrin tú bùdó ogun wọn ká. Ìlà tí àwọn ọmọ ogun ti dúró sí, ní agbègbè Odò Ọ̀tìn, ni ìjọba Èkó mú gẹ́gẹ́ bí ààlà. Ní Ìlọrin, ìjà dé láti inú ilé: àwọn balógun ṣọ̀tẹ̀ sí Ẹ́míà Mọmọ ní 1895, ó sì fi ẹ̀tù pa ara rẹ̀ nínú ààfin. Ní Oṣù Kejì, ọdún 1897, ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ òwò Gẹ̀ẹ́sì kan, tí Goldie ṣáájú, gba ìlú náà. Ìlọrin bọ́ sí Àríwá Nàìjíríà ní 1900, bẹ́ẹ̀ ni ibi tí ogun ti rẹ̀ sí ṣe di ààlà Àríwá àti Ìwọ̀-Oòrùn.

Ìlá-Ọ̀ràngún bọ́ sí ìhà kan, Ajàṣẹ́-Ìpo àti Òmù-Àrán bọ́ sí èkejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìgbómìnà ni gbogbo wọn. Ní àwọn ọdún 1950, ẹgbẹ́ Ìlọrin Tálákà Parapọ̀, tó bá ẹgbẹ́ Action Group ṣe, béèrè pé kí a da Ìlọrin pọ̀ mọ́ Ìwọ̀-Oòrùn, ṣùgbọ́n ààlà kò yí. Ọjọ́ 27 Oṣù Karùn-ún, ọdún 1967 ni a dá ìpínlẹ̀ tó di Kwárà sílẹ̀, nígbà tí ó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ogun abẹ́lé Nàìjíríà bẹ́. Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991, Ìkìrun àti Ìlá bọ́ sínú rẹ̀, Ọ̀fà sì wà ní Kwárà.