Aró inú odò: bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń tú àṣírí ẹ̀dọ̀

Pé abẹ́ ìhà ọ̀tún ni ẹ̀dọ̀ wà, pé ti àgbàlagbà wúwo tó bíi kílò kan àbọ̀, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ibi tó dùn ni bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé nǹkan ti ṣe é, torí ẹ̀dọ̀ kì í ké. Inú rẹ̀ kì í mọ ìrora. Awọ tó bò ó ló ń dunni, ìyẹn nígbà tó bá ti wú débi tó fa awọ náà le.

Ó yẹ kí ọmọ Òṣogbo tètè lóye èyí. Ìtàn ìlú sọ pé nígbà tí Láròóyè àti Olútìmẹ́hìn ń gégi létí odò, igi wó lu omi, ohùn kan sì ké jáde pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Ẹni tó ń pọnmi nísàlẹ̀ odò kò rí igi, kò gbọ́ ohùn. Omi tó yí àwọ̀ padà nìkan ni yóò rí.

Ẹ̀jẹ̀ ni odò yẹn. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ni ìkòkò, ALT àti AST, èròjà méjì tó ń bá sẹ́ẹ̀lì ṣiṣẹ́, sì ni aró inú wọn. Tí kòkòrò hepatitis B, ọtí, àpọ̀jù parasitamọ́ọ̀lù tàbí àgbo kan bá la ìkòkò, aró a jò sínú ẹ̀jẹ̀, láàbù a sì wọ̀n ọ́n. Ẹ̀rí ALT ló gún jù, torí inú ẹ̀dọ̀ ló pọ̀ sí. AST tún wà nínú iṣan ẹran ara: ẹni tó ru sìmẹ́ńtì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tiẹ̀ lè ga láìjẹ́ pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ̀bi.

Orí ìwé àyẹ̀wò ni wàhálà wà. LFT (liver function test, àyẹ̀wò iṣẹ́ ẹ̀dọ̀) ni wọ́n kọ síbẹ̀, bí ẹni pé iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ ni wọ́n wọ̀n. Orúkọ yẹn ń tan èèyàn jẹ. Aró tó jò kò sọ iye ìkòkò tó ṣì ń rẹ aṣọ. Tí jíjò bá dáwọ́ dúró, ALT a máa fi ìdajì wálẹ̀ láàárín nǹkan bí ọjọ́ méjì. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀dọ̀ tó ti di àpá látọdún pípẹ́ lè má ní aró púpọ̀ tí yóò jò mọ́, nọ́ńbà a wà níbi tó yẹ, ẹni tó ni ín a máa jó kúrò ní láàbù. Aláró kì í fi omi ìdọ̀tí mọ iṣẹ́ ara rẹ̀. Aṣọ tó sá sórí okùn ló ń wò. Aṣọ ti ẹ̀dọ̀ ni albumin, purotéènì tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe sínú ẹ̀jẹ̀, àti àwọn èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Albumin máa ń pẹ́ kó tó fi hàn, torí ó ń lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìdajì rẹ̀ tó tán. Ẹ̀jẹ̀ tí kò tètè dì ló ń yára sọ̀rọ̀.

Ojú tó pupa rúsúrúsú ńkọ́? Ibà pọ́njú ni gbogbo wa ń pè é, orúkọ kan fún ọ̀ràn mẹ́ta: kí sẹ́ẹ̀lì pupa máa fọ́ jù, bí ibà líle ti ń ṣe, kí ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ṣàìsàn, tàbí kí ọ̀nà òróòro dí. Ìyá alágbo á bi ọ́ pé, “Ṣé ìtọ̀ ẹ náà pọ́n?” Ìbéèrè gidi ni, àmọ́ ó ku ìgbẹ́. Tí ìtọ̀ bá dúdú bíi kóòkì, tí ìgbẹ́ sì funfun bí ẹfun, òróòro kò rí ọ̀nà dé ìfun nìyẹn, àgbo kò sì ní yọ ohun tó dí i.

Hepatitis B tiẹ̀ lè wà lára èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ALT rẹ̀ má sì ga. Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò rẹ̀, HBsAg, tó ń wá èròjà ara kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀, fi yàtọ̀: kò bá aró ṣe rárá. Igi tó dúró létí odò ló ń wá, kó tó wó.