Imú Kì í Ṣe Òṣùwọ̀n: Bí A Ṣe Ń Mọ Iye Náítírójìn Tó Ń Bá Afẹ́fẹ́ Lọ Nínú Oko Tí A Fún Ní Ajílẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbẹ̀ ẹ̀fọ́ àti àgbàdo ní agbègbè Ẹ̀pẹ́, pàápàá nígbà tí òjò bá ti ń rọ̀ déédéé tí kálukú sì ti ń fún oko rẹ̀ ní ajílẹ̀: wọ́n ní òórùn ni a fi ń mọ̀ bóyá ajílẹ̀ ń ṣòfò. Bí yùríà tí wọ́n fọ́n sílẹ̀ bá ń ta wọ́n nímú, tàbí tí ìgbẹ́ adìẹ tí wọ́n fi ọkọ̀ kó wá láti Ìkòròdú bá ń rùn, wọ́n á ní agbára rẹ̀ ló ń bá afẹ́fẹ́ lọ yẹn. Ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀ sí i tí òórùn náà sì pòórá, wọ́n á ní gbogbo rẹ̀ ti wọlẹ̀, ó ku kí irè oko jẹ ẹ́. Apá àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí súnmọ́ òótọ́. Apá kejì ni ó ń ṣi àgbẹ̀ lọ́nà, nítorí pé lẹ́yìn òjò, nígbà tí imú kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, ni náítírójìn tún máa ń gba ọ̀nà mìíràn jáde kúrò nínú ilẹ̀, ọ̀nà tí kò ní òórùn, tí kò sì ní àwọ̀.

Náítírójìn ni èròjà tí ń mú kí ewé dúdú, òun náà ni àgbẹ̀ sì ń fi owó rà jù nígbà tó bá ń ra yùríà. Ìdá 46 nínú 100 yùríà ni náítírójìn, nítorí náà àpò 50 kìlógíráàmù kan ní kìlógíráàmù 23 náítírójìn nínú, nígbà tí àpò NPK 15-15-15 (ajílẹ̀ àdàlù tí náítírójìn jẹ́ ìdá 15 nínú 100 rẹ̀) tí ìwọ̀n rẹ̀ bá a dọ́gba kò ní ju 7.5 lọ. Nítòsí Ẹ̀pẹ́ náà, ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kí, ni ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ Dangote wà, èyí tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹta ọdún 2022, tí wọ́n sì kọ́ láti lè máa ṣe mílíọ̀nù 3 tọ́ọ̀nù yùríà lọ́dún. Ohun tí a ń ṣe tó báyìí, tí a sì ń ná owó lé lórí, ó yẹ kí a mọ ibi tí ó ń gbà lọ.

Bí yùríà bá kan ilẹ̀ tútù, èròjà kan tí àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ ń pèsè, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní urease, máa ń tú u palẹ̀, ó sì ń di àmóníà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àmóníà yìí ni ó ń ta wá nímú. Bí yùríà bá wà lórí ilẹ̀ lásán, tí ìrì tàbí òjò wínníwínní rin ín, tí oòrùn sì tún ràn lé e, púpọ̀ nínú rẹ̀ lè fò lọ kó tó wọlẹ̀. Bí ó bá wọlẹ̀ jinlẹ̀ díẹ̀, ilẹ̀ á dì í mú. Síbẹ̀, kódà lórí àmóníà pàápàá, imú kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó ṣeé gbọ́kàn lé. Àmóníà gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí ẹ̀yọ 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú mílíọ̀nù kan ẹ̀yọ afẹ́fẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó gbọ́ òórùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni atẹ́gùn tó ń fẹ́ láti orí ọ̀sà máa ń tú u ká kó tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sì pẹ́ nídìí ìgbẹ́ adìẹ, òórùn náà á mọ́ ọn lára, kò ní gbọ́ ọ mọ́, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń jáde kò dín kù.

Èyí tó kù nínú ilẹ̀ kò dúró sójú kan. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan ń sọ àmóníà di náítírétì, èyí tí gbòǹgbò irè oko fẹ́ràn láti fà mu. Lẹ́nu iṣẹ́ yìí, díẹ̀ nínú náítírójìn náà a máa já bọ́ gẹ́gẹ́ bíi gáàsì tí ń jẹ́ náítírọ́ọ̀sì ọ́kísáìdì, tí a ń kọ ní N2O. Bí òjò ńlá bá wá rọ̀, tí omi kún inú ilẹ̀ débi pé afẹ́fẹ́ kò ráyè wọlé, àwọn kòkòrò mìíràn tí kò rí ọ́síjìn mí á bẹ̀rẹ̀ sí í fi náítírétì ṣe àfidípò. Wọ́n á sọ ọ́ di N2O, bí omi bá sì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ó dúró pẹ́, wọ́n á sọ N2O náà di náítírójìn gidi, N2, èyí tí kì í ṣe ohun mìíràn ju ohun tí ó pọ̀ jù lọ nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú. Níbi tí ilẹ̀ bá ti kan, tí ásíìdì pọ̀ nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ìhà etíkun wa ti rí, ìgbésẹ̀ ìkẹyìn yẹn máa ń falẹ̀, N2O á sì pọ̀ sí i nínú ohun tó ń jáde. Ẹ wo bí èyí ti kan àwa tí à ń dáko àkùrọ̀: òjò tí àgbẹ̀ gbà pé ó ti fi ajílẹ̀ pamọ́ sínú ilẹ̀ fún un gan-an ni ó ṣílẹ̀kùn fún gáàsì méjèèjì.

Báwo wá ni a ṣe ń wọn ohun tí a kò rí, tí a kò sì gbọ́ òórùn rẹ̀? Ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ jù ni ti àpótí. Wọn á ri férémù ike tàbí irin mọ́ ilẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà mélòó kan, wọn á sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ kan ó kéré tán, nítorí pé rírì tí a rì í ti da ilẹ̀ láàmú, gáàsì tó jáde nígbà náà kò sì jọ ti ojoojúmọ́. Nígbà tí ó bá tó àkókò, wọn á de férémù náà pẹ̀lú ìdérí tí kò gba afẹ́fẹ́ láyè, wọn á sì fi síríńjì fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan, wọn á sì máa tì í sínú ìgò kéékèèké tí a ti fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ tán. Ìgò wọ̀nyí ni wọn á gbé lọ sí yàrá àyẹ̀wò, níbi tí ẹ̀rọ gas chromatograph, tí ń ya àwọn gáàsì sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn, yóò ti sọ iye N2O tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú ẹ̀rọ yìí ni ohun èlò aṣàwárí gáàsì tí James Lovelock, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ní ọdún 1957 ti ń ṣiṣẹ́. Láìsí i, ohun tó kéré tó N2O inú afẹ́fẹ́, tí kò ju nǹkan bí 337 nínú bílíọ̀nù kan ẹ̀yọ afẹ́fẹ́ lọ ní ọdún 2023, ì bá ṣòro púpọ̀ láti rí. Bí iye náà bá ṣe ń gòkè láti ìgò kìn-ín-ní dé ìgò ìkẹyìn ni a fi ń ṣírò ohun tí ilẹ̀ náà ń tú jáde ní wákàtí kan.

Ìṣirò náà kò le, àmọ́ iṣẹ́ oko tó wà nídìí rẹ̀ le gidigidi, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe ti ń wọlé. Ilẹ̀ kì í tú gáàsì jáde bákan náà káàkiri. Àpótí kan lè wà lórí ibi tí ewé ti jẹrà tàbí tí hóró ajílẹ̀ ti ṣùpọ̀, kí ó fi ìlọ́po mẹ́wàá ju èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá gbé gbogbo àpótí rẹ̀ sórí ebè, tí kò gbé ọ̀kankan sínú poro tí omi ń dúró sí, kò tíì wọn oko náà. Àkókò pẹ̀lú ní ipa tirẹ̀. N2O máa ń ru sókè láàárín ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá fún oko ní ajílẹ̀ tí òjò sì rọ̀, òjò àkọ́rọ̀ lórí ilẹ̀ tó ti gbẹ pẹ́ sì lè gbé e sókè lójijì, lẹ́yìn náà ni yóò wálẹ̀. Ẹni tó wọ̀n ọ́n ní oṣù kìíní nìkan á ní kò sí nǹkan kan. Ẹni tó wọ̀n ọ́n ní ọ̀sẹ̀ òjò oṣù kẹfà nìkan, tó sì fi sọ ti ọdún gbogbo di púpọ̀, á pariwo ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun kan tún wà tí mo kà sí pàtàkì ju gbogbo èyí lọ, tí a sì máa ń fojú fò: apá kan oko tí a kò fún ní ajílẹ̀ rárá gbọ́dọ̀ wà, kí a sì wọn tirẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé gbogbo ilẹ̀ ló ń tú N2O díẹ̀ jáde fúnra rẹ̀. Ohun tí a bá yọ tibẹ̀ kúrò, tí ó ṣẹ́kù, òun nìkan ni a lè sọ pé ajílẹ̀ fà.

Àpótí tí a dé pa kò dára fún àmóníà, torí pé àmóníà a máa lẹ̀ mọ́ ara ike, àti pé dídé tí a dé e ti dá atẹ́gùn tó ń gbé e lọ dúró. Ásíìdì ni a fi ń mú un. Àwọn onímọ̀ ní Bràsíl ṣe ọ̀nà kan tí mo gbà pé ó bá àpò wa mu: wọ́n gé ìdí ìgò ike ẹlẹ́rìndòdò lítà méjì kúrò, wọ́n fi wáyà gbé e dúró díẹ̀ sókè ilẹ̀ kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀, wọ́n sì so fóòmù pẹlẹbẹ tí a rẹ sínú sọ́fúríìkì ásíìdì tí a ti bomi là àti gílísírínì kọ́ sínú rẹ̀. Àmóníà tó bá ń gòkè á há sínú fóòmù náà, ilé àyẹ̀wò á sì fọ̀ ọ́ jáde láti wọ̀n ọ́n. Nítorí pé gbogbo rẹ̀ kọ́ ni ìgò ń mú, iye àtúnṣe kan wà tí wọ́n fi ń sọ ọ́ di púpọ̀. Ásíìdì yìí náà ni ti bátìrì ọkọ̀, ó ń jó ara, kí ẹni tí kò ní ìbọ̀wọ́ má ṣe fọwọ́ kàn án.

N2 ni ó le jù. Ìdá 78 nínú 100 afẹ́fẹ́ ni í ṣe, wíwọn ìwọ̀nba tó jáde láti inú ilẹ̀ sì dà bí ìgbà tí a da ife omi kan sínú ọ̀sà, tí a wá ní kí ẹnì kan lọ bù ú jáde. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ti gbà gbìyànjú rẹ̀. Èkíní ni gáàsì asẹ́tílínì, irú èyí tí àwọn wẹ́dà ń rí nígbà tí wọ́n bá da omi sí kábáìdì: ó ń dí àwọn kòkòrò lọ́wọ́ láti sọ N2O di N2, kí gbogbo rẹ̀ lè jáde bíi N2O tí ẹ̀rọ lè rí. Àléébù rẹ̀ ni pé ó tún ń dá sísọ àmóníà di náítírétì dúró, nítorí náà iye tó ń fi hàn sábà máa ń kéré ju òótọ́ lọ. Èkejì ni kí a fi ajílẹ̀ tí a sàmì sí ṣe é. Oríṣi náítírójìn kan wà tó wúwo díẹ̀ ju ti ìgbà gbogbo lọ, tí a ń pè ní 15N, tí kò pọ̀ ju ìdá 0.37 nínú 100 náítírójìn ayé lọ. Bí a bá fi ajílẹ̀ tí 15N pọ̀ nínú rẹ̀ sí oko, tí 15N sì wá pọ̀ nínú N2 inú àpótí, ibi tó ti wá kò ṣòro láti mọ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n ó wọ́n. Ẹ̀kẹta ni kí a bu ilẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò, kí a fi hílíọ́mù àti ọ́síjìn lé gbogbo afẹ́fẹ́ tó yí i ká kúrò, kí N2 tó bá yọjú lẹ́yìn náà lè jẹ́ ti ilẹ̀ nìkan. Níbẹ̀, ihò tí ojú kò lè rí lára ẹ̀rọ tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Kí ni iye wọ̀nyí túmọ̀ sí fún àpò yùríà kan? Ìgbìmọ̀ IPCC, tí ó ń tọ́ àwọn orílẹ̀-èdè sọ́nà lórí ìṣirò gáàsì tó ń mú ayé gbóná, gbé ìlànà rẹ̀ yẹ̀ wò ní ọdún 2019, ó sì fi sí i pé níbi tí òjò ti pọ̀, ìdá 1.6 nínú 100 náítírójìn ajílẹ̀ ilé iṣẹ́ ń di N2O, àti pé ìdá 15 nínú 100 náítírójìn yùríà ń fò lọ, tí àmóníà sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nínú kìlógíráàmù 23, èyí tó fò lọ jẹ́ nǹkan bíi 3.45, tí í ṣe pé kìlógíráàmù 7.5 yùríà ti bọ́ nínú àpò. Náítírójìn tó di N2O jẹ́ nǹkan bíi 0.37 kìlógíráàmù; bí a bá ka ọ́síjìn tó so mọ́ ọn pọ̀, N2O náà kò ju nǹkan bíi 0.58 kìlógíráàmù lọ, kò ká àgbẹ̀ lápò, ṣùgbọ́n kìlógíráàmù kan rẹ̀ ń mú ayé gbóná tó 273 kìlógíráàmù kábọ́ọ̀nù dáyọ́kísáìdì ní ọgọ́rùn-ún ọdún, nítorí náà ti àpò kan ṣoṣo yìí tó nǹkan bí 158. Àròpín ni iye wọ̀nyí. Ìlànà náà fúnra rẹ̀ sọ pé ohun tó ń fò lọ lára yùríà lè kéré tó ìdá 3, ó sì lè pọ̀ tó 43, gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀, ojú ọjọ́ àti ọwọ́ àgbẹ̀ bá ṣe rí. Àlàfo tó fẹ̀ báyìí ni ìdí tí wíwọ̀n nínú oko tiwa fi ṣe kókó.

Àwọn kan gbà pé ìgbẹ́ adìẹ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé kì í ṣe kẹ́míkà. Kò rí bẹ́ẹ̀: nínú ìlànà kan náà, ìdá 21 nínú 100 náítírójìn ìgbẹ́ ẹran àti ajílẹ̀ ìbílẹ̀ tí a fi sí ilẹ̀ ni a kà sí èyí tó ń fò lọ.

Wíwọn gáàsì kan ṣoṣo pẹ̀lú lè tàn wá jẹ. Ẹni tó bá ri yùríà mọ́lẹ̀ yóò rí i pé àmóníà wálẹ̀ gidigidi, yóò sì rò pé iṣẹ́ ti parí, ṣùgbọ́n náítírójìn tó pamọ́ yẹn ṣì lè di N2O bí ó bá pọ̀ ju ohun tí irè lè jẹ lọ tí omi sì dé bá a. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé kí rírì mọ́lẹ̀ àti pípín ajílẹ̀ sí ìgbà méjì tàbí mẹ́ta máa rìn pọ̀: kí a gbẹ́ ihò kékeré tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí ẹ̀gbẹ́ ìdí àgbàdo, kí a fi ìwọ̀nba sí i, kí a sì bò ó. Nínú àkùrọ̀, kí ẹni tí omi ṣì dúró nínú poro rẹ̀ kọ́kọ́ la ojú omi, kí ó jẹ́ kí ilẹ̀ fà, kó tó fi yùríà sí i.