Bí Sinimá Ṣe Bẹ̀rẹ̀ sí Í Jókòó Ti Ẹni Tó Dá Wà

Irú sinimá kan wà tó ń rọra rìn, tí kì í kánjú gé àwòrán, tó ń jókòó ti ẹni tó dá wà. Ní 1952, olùdarí fíìmù Vittorio De Sica gbé fíìmù Umberto D. jáde ní Ítálì. Ìtàn bàbá àgbà kan ni nílùú Róòmù, tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ò ká owó ilé, tí kò sì ní alábàárò ju ajá rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ibi tó gbà mí lọ́kàn jù kì í ṣe ti bàbá. Ọmọ ọ̀dọ̀ ilé ló jí láàárọ̀, ó wọ ilé ìdáná, ó ṣáná, ó da omi sí àwọn èèrà tó ń gun ògiri. Oyún wà nínú rẹ̀, kò sì sí ọkùnrin tó gbà pé òun ló ni ín. Bó ṣe jókòó tó ń lọ kọfí, tómijé ń bọ́, ó na ẹsẹ̀, ó fi ọmọ ìka ti ilẹ̀kùn. Kò sọ nǹkan kan. Níbẹ̀ ni èmi ti ń ka ìbẹ̀rẹ̀ sinimá tó ń rọra rìn yìí.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Yasujirō Ozu ṣe Tokyo Story ní Jàpáànì. Tọkọtaya àgbà kan lọ kí àwọn ọmọ wọn ní Tókíò. Ọwọ́ àwọn ọmọ dí, ni wọ́n bá ní kí bàbá àti ìyá lọ gbatẹ́gùn nílé ìtura kan. Ta ló fẹ́ túmọ̀ eléyìí fún ará Èkìtì? Ilé wo ló wà ní Ìjerò tàbí Ìkọ̀lé tí ọmọ ò sí l'Ékòó? Àgbà tó bá lọ kí ọmọ níbẹ̀ mọ bó ṣe rí kéèyàn jókòó látàárọ̀ dalẹ́ nínú fúláàtì tí wọ́n tì pa, láìsí ẹni tó máa yà wá sọ pé "ẹ kú ìjókòó".

Ní 1960, wọ́n hó lé L'Avventura, fíìmù tó falẹ̀ tí Michelangelo Antonioni, ará Ítálì, ṣe, lórí níbi àjọ̀dún fíìmù Cannes ní Faransé, síbẹ̀ ó gba ẹ̀bùn. Ní 1966, Ousmane Sembène, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl, ya ọmọbìnrin Dákà kan tí ilé ọ̀gá rẹ̀ ní Faransé di ẹ̀wọ̀n fún. Fíìmù tiẹ̀ kò falẹ̀ tó tàwọn yòókù, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ ìtàn yìí kí n fò ó.

Ọdún 1975 ni Chantal Akerman, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù tí kò ju ọmọ ọdún 25 lọ, wá ṣe Jeanne Dielman. Opó kan ní Brussels, ọjọ́ mẹ́ta, ìṣẹ́jú 201. Ó ń bó ọ̀dùnkún, ó ń fọ abọ́, ó ń pa iná bó bá ti ń jáde ní yàrá. Kámẹ́rà dúró sójú kan. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ọ̀dùnkún sè kọjá, obìnrin náà gbé ìkòkò kiri ilé, kò mọ ibi tó máa gbé e sí. Àyà wa já, torí a ti wò ó pẹ́ tó láti mọ̀ pé irú ẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Àwọn èèyàn wa máa ń ní irú fíìmù yìí "ń fà". Fífà yẹn gan-an ló jẹ́ kí ìkòkò kan ṣoṣo bani lẹ́rù.

Olùdarí fíìmù Tsai Ming-liang mú irú sinimá yìí dé Taipei ní Taiwan, ó sì gba ẹ̀bùn tó ga jù níbi àjọ̀dún fíìmù Venice ní 1994. Ní 2022, àwọn alárìíwísí tí ìwé ìròyìn Sight and Sound pè láti dìbò yan fíìmù tó dára jù lọ láyé fi Jeanne Dielman ti Akerman sípò kìíní.

Ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ l'Ékìtì ò nílò ohun èlò púpọ̀: fóònù kan, nǹkan tí a ó gbé e lé kó má gbọ̀n, àti ìyá kan tó gbà ká jókòó ti òun nígbà tó bá ń se oúnjẹ ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ má gé e títí tí yóò fi jẹun tán.