Iná UV Kì Í Dé Ìdí Èékánná

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ ẹsẹ̀ yín kúrò lábẹ́ iná yẹn. Ọ̀rọ̀ náà ti sú mi. Ẹni kan á wọlé, á ní òun ti ń tan iná UV, ìyẹn ìtànṣán tí ojú kì í rí, sí fọ́ńgọ́ọ̀sì èékánná ẹsẹ̀ òun láti oṣù mélòó kan, èékánná sì rèé, ó nípọn, ó ń rún.

Lóòótọ́, UV ń pa fọ́ńgọ́ọ̀sì. Èwo nínú UV? UVC ni, èyí tí ìgbì rẹ̀ wà ní nǹkan bí 254 nánómítà. UVA ni iná tí wọ́n fi ń gbẹ jẹ́ẹ̀lì èékánná, ìyẹn ò kan ọ̀rọ̀ wa. UVC fúnra rẹ̀, kẹ́rátìn, èròjà líle tó di èékánná, ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù mì. Bẹ́ẹ̀ abẹ́ èékánná ni Trichophyton rubrum, fọ́ńgọ́ọ̀sì tó sábà ń fa àrùn yìí, fi ṣe ilé. Ẹni tó tan iná sí i láti òkè ò yàtọ̀ sí ẹni tó ń da omi sórí páànù, tó ń retí kí ilẹ̀ yàrá tutù. Àwọn tó ń tà á á ní ó ṣiṣẹ́ nínú àwo láàbù. Àwo láàbù ní èékánná ni?

Arákùnrin kan ra iná UVC tó wà fún yàrá tí kò sí èèyàn. Ó na ẹsẹ̀ sí i, ó tẹjú mọ́ ọn. Kò gbóná, kò dùn ún. Lóru ló jí, ó ní iyanrìn ló kún ojú òun. Omi ń dà, kò lè wo iná gílóòbù. UVC ti jó ẹyinjú rẹ̀. Orí ẹsẹ̀ rẹ̀ pupa, ó sì bó. Mo gé èékánná náà ránṣẹ́ sí láàbù: kò sí fọ́ńgọ́ọ̀sì níbẹ̀ rárá. Sòríásì ni, àrùn awọ ara tí kì í ṣe ti fọ́ńgọ́ọ̀sì!

Nǹkan bí ìdajì èékánná tó nípọn, tó ń rún bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe fọ́ńgọ́ọ̀sì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gé e yẹ̀ wò kí n tó fọwọ́ kan ìwé oògùn. Bó bá jẹ́ ìlà dúdú ló sì ń fẹ̀ sí i, ẹ tètè wá, jẹjẹrẹ lè wà níbẹ̀.

Bó bá jẹ́ fọ́ńgọ́ọ̀sì, terbinafine, oògùn tó ń pa fọ́ńgọ́ọ̀sì, 250 mílígíráàmù lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 12 la sábà ń lò fún ti ẹsẹ̀, lẹ́yìn tá a bá ti yẹ ẹ̀dọ̀ wò. Èékánná tuntun lè gba oṣù 12 sí 18 kó tó hù tán. Ẹ má pè mí lọ́sẹ̀ kẹta.

Ẹ̀rọ UVC tí wọ́n ṣe fún inú bàtà wà, ó lè dín fọ́ńgọ́ọ̀sì inú bàtà kù. Bàtà nìkan ni kẹ́ ẹ lò ó fún, kì í ṣe ẹsẹ̀.