Bí wọ́n ṣe ń tọpa bakitéríà nínú ẹran ara ẹja trout

Ní àfonífojì Hagerman ní ìpínlẹ̀ Idaho, Amẹ́ríkà, omi tútù ń sun láti inú àpáta, ooru rẹ̀ kì í sì fi bẹ́ẹ̀ kúrò ní ìwọ̀n 15 lórí Celsius jálẹ̀ ọdún. Inú omi yìí ni wọ́n ti ń sin ẹja trout. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí bakitéríà tí wọ́n sọ ní Yersinia ruckeri ní 1978, láti fi yẹ́ Robert Rucker sí fún iṣẹ́ tó ṣe lórí àìsàn ẹja.

Ara ẹja tó bá kó o á dúdú, ojú rẹ̀ á yọ síta, ẹnu àti ìdí lẹbẹ rẹ̀ á pọ́n nítorí ẹ̀jẹ̀ tó dà sábẹ́ awọ. Àìsàn mìíràn náà lè fa irú àmì bẹ́ẹ̀, nítorí náà a kò gbọ́dọ̀ fi ojú lásán dájọ́.

Ẹja tó ti rẹ̀ gan-an, tí ẹ̀mí ṣì wà lára rẹ̀, ni wọ́n ń mú. Wọ́n á fi oògùn akunilóorun púpọ̀ pa á, wọ́n á sì là á lójú ẹsẹ̀. Bí ẹja bá ti kú sómi fún wákàtí mélòó kan, bakitéríà inú ìfun àti ti inú omi á ti ya wọ ara rẹ̀, ohunkóhun tí wọ́n bá rí níbẹ̀ kò ṣeé gbára lé mọ́. Ibí yìí ni iṣẹ́ ti sábà ń bàjẹ́.

Kíndìnrín ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, torí pé ó ń sẹ́ bakitéríà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń kó wọn jọ. Wọ́n á fi wáyà tí kò ní kòkòrò kan lára gún un, wọ́n á fi í pa ojú ágà, ohun tó dì bíi jẹ́lì tí bakitéríà máa ń hù lórí rẹ̀, nínú àwo, wọ́n á sì dúró fún nǹkan bí ọjọ́ méjì kó hù. Èyí ń sọ irú bakitéríà tó wà níbẹ̀. Kò sọ ohun tó ṣe.

Ẹran ara fúnra rẹ̀ ló ń sọ ìyẹn. Wọ́n á gé kíndìnrín, ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀yà tí ẹja fi ń mí ní wẹ́wẹ́ sínú fọ́máàlìnì, kí ó má baà jẹrà. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi ọtí líle fa omi inú rẹ̀ gbẹ, wọ́n á rì í sínú ìda yíyọ́, wọ́n á wá bẹ́ ẹ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, nǹkan bíi máíkírómítà 5, tó tinrín ju irun orí lọ. Wọ́n á wá fi aró méjì kùn ún: hematoxylin á mú kí àárín sẹ́ẹ̀lì rí bí àwọ̀ elésè àlùkò, eosin á mú kí ìyókù pọ́n rẹ́súrẹ́sú.

Ohun tí olùwádìí ń wá lábẹ́ maikirosikóòpù ni bóyá bakitéríà àti ìbàjẹ́ jọ wà lójú kan náà: sẹ́ẹ̀lì tó kú, òpó ẹ̀jẹ̀ tó ya, sẹ́ẹ̀lì ajagun tó ti gbé bakitéríà mì. Bí bakitéríà bá pọ̀ ṣùgbọ́n tí ara kò bá a jà rárá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀yìn ikú ló wọlé.

Ẹja tó yè é náà yẹ ní yíyẹ̀wò, torí bakitéríà yìí lè fara pamọ́ sínú ìfun rẹ̀, kó máa tú sómi nígbà tí ìnira bá dé bá a. Àjẹsára tó ń dènà rẹ̀ ti gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà láti 1976, síbẹ̀ irú bakitéríà yìí kan tí kò lè lúwẹ̀ẹ́ jẹyọ lẹ́yìn náà, ó sì ń pa ẹja tó ti gba àjẹsára.