Ìjókòó Márùn-ún fún Ọgbẹ́ Ọkàn: Bí Ìtọ́jú Kúkúrú Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Ẹni tí ajínigbé dá lọ́nà lè jàjàbọ́, kó délé, kí ẹbí ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí gbogbo èèyàn sì gbà pé ọ̀rọ̀ ti tán. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ọkadà kan á ta pòó lójú títì Ìkẹ́rẹ́, ẹni náà á ti wà lábẹ́ tábìlì ọjà. Kì í ṣe ojo. Láti ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2024, tí wọ́n pa ọba méjì lọ́jọ́ kan náà ní Èkìtì, tí wọ́n sì kó ọmọ ilé-ìwé àti olùkọ́ wọn lọ ní Èmùré, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹni tí à ń gbúròó rẹ̀ ní Òkè Ọya nìkan mọ́.

Ohun tó ń ṣe é, ìyẹn ọgbẹ́ ọkàn tí àwọn dókítà ń pè ní PTSD, ni pé ìrántí ìjàǹbá náà kò tíì di àná. Ìrántí yòókù ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ní òpin. Èyí fọ́ sí wẹ́wẹ́. Òórùn ẹ̀tù ìbọn, igi tó ṣẹ́ nínú igbó, àwọ̀ ẹ̀wù ẹni tó di ìbọn mú: èyíkéyìí tó bá yọjú, ara á dáhùn bí ẹni pé ìbọn ṣì wà lórí. Ó di kó máa sá. Kò ní gba ọ̀nà yẹn mọ́, kò ní gbọ́ ìròyìn, bí wọ́n bá dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, á ní “ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀.” Sísá yìí ń mú ara tù ú fún wákàtí kan, òun náà ló sì ń jẹ́ kí àìsàn náà pẹ́, nítorí ọpọlọ kò ráyè mọ̀ pé ìrántí kì í yìnbọn. Ará ilé tó ń sọ pé “gbàgbé, Ọlọ́run ti yọ ọ́” ń fi ìfẹ́ bá a sá ni.

Kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ fi ìwé ìbéèrè PCL-5 wọn bí ìdààmú náà ṣe tó. Ìbéèrè 20 ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti 0 dé 4, àpapọ̀ 80. Ẹni tó bá gba 31 sí 33 sókè, tí nǹkan náà sì ti ju oṣù kan lọ, yẹ kó rí dókítà ọpọlọ. Ní Èkìtì, ilé-ìwòsàn yunifásítì tó wà ní Adó àti ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó ni èèyàn ti lè béèrè. Oṣù kan yẹn kì í ṣe àkọsílẹ̀ lásán. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àìsùn àti ìpayà jẹ́ ohun tí ara tó pé máa ń ṣe, ti ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń lọ fúnra rẹ̀.

Ìtọ́jú tí à ń sọ níbí ni Written Exposure Therapy. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ìtọ́jú oníkíkọ. Denise Sloan àti Brian Marx, ní Boston, ló gbé e kalẹ̀, wọ́n sì gba ọ̀nà rẹ̀ láti inú ìwádìí lórí kíkọ ìrora sílẹ̀ tí James Pennebaker bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 1980 sí 1989. Ìjókòó márùn-ún péré ni. Ti àkọ́kọ́ ló gùn jù, bíi wákàtí kan, torí pé olùtọ́jú á kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí ìjàǹbá ń ṣe sí ọpọlọ àti ìdí tí sísá kò fi ràn án lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, á béèrè pé: “Láti 0 dé 100, báwo ni ìdààmú yín ṣe tó báyìí?” Á ka ìtọ́ni sókè, á fi bírò àti ìwé sílẹ̀, á jáde kúrò nínú yàrá. Ìṣẹ́jú 30 gbáko. Bó bá padà wọlé, á tún béèrè nọ́ńbà náà, á bi í bí kíkọ náà ṣe rí lára rẹ̀, ó tán. Wọn kì í jókòó tú ìtàn náà wò lọ́jọ́ yẹn. Olùtọ́jú á kà á kí ìjókòó kejì tó dé, á sì sọ ohun tó yẹ kó yí padà. Iṣẹ́ àṣetiléwá kò sí. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ ni pé bí ìrántí náà bá dé nílé, kó má lé e.

Ìjàǹbá kan náà ló máa kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ìtọ́jú. Níbẹ̀rẹ̀, á kọ gbogbo rẹ̀ láti orí dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, á dojú kọ ibi tó burú jù, á sì máa kọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yí ayé rẹ̀ padà.

Ibi tí kíkọ ti ń bàjẹ́ pọ̀. Ẹnì kan lè kọ pé: “Ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ọkùnrin mẹ́rin dá wa dúró, wọ́n gba owó, wọ́n tú wa sílẹ̀.” Èdè àgọ́ ọlọ́pàá nìyẹn, kò lè wo ẹnikẹ́ni sàn. Èyí tí à ń wá ni: “Itọ́ gbẹ lẹ́nu mi. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mi ò lè ṣílẹ̀kùn ọkọ̀. Mò ń rò ó pé ta ló máa lọ mú ọmọ mi nílé-ìwé.” Ẹlòmíì á kọ fún ìṣẹ́jú 12, á ní òun ti parí, kó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kó tún un kọ. Ẹlòmíì á ti fò sórí ìjàǹbá míì ní ìjókòó kẹta, torí pé ti tẹ́lẹ̀ ń dùn ún jù. Sísá náà tún nìyẹn. Olùtọ́jú náà lè bà á jẹ́, bó bá jókòó tì í tó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ti èdè sì wà níbẹ̀: èdè tí ọkàn fi gba ìpayà náà ló yẹ kí èèyàn fi kọ ọ́. Ẹni tó ń pe ilé ní “ulé” kò gbọ́dọ̀ dúró máa wá Yorùbá ìwé. Sípẹ́lì kò ní máàkì níbí.

Ìdààmú sábà máa ń ga ní ìjókòó kìíní àti ìkejì. Ibẹ̀ lẹbí ti ń sọ pé ìtọ́jú ń ba nǹkan jẹ́. Bó bá ṣe ń kọ ọ́ lọ, ó yẹ kí nọ́ńbà náà máa wálẹ̀.

Ní 2018, ìwádìí kan tó jáde nínú JAMA Psychiatry fi àgbàlagbà 126 dán an wò, ó sì fi í wéra pẹ̀lú ìtọ́jú oníjókòó 12. Ìtọ́jú oníkíkọ kò rẹ̀yìn. Ohun tó yani lẹ́nu ni iye tó kúrò kí ìtọ́jú tó parí: nǹkan bí 6% nínú àwọn oníkíkọ, nǹkan bí 40% nínú ti ìjókòó 12. Ní 2023, wọ́n tún fi ajagunfẹ̀yìntì 178 dán an wò. Ìtọ́jú oníkíkọ kò tún rẹ̀yìn, 12.5% ló sì já sílẹ̀ níbẹ̀, sí 35.6% nínú ìtọ́jú tó gùn. Fún ẹni tó ń san owó ọkọ̀ láti Ọ̀yẹ́ dé Adó, nọ́ńbà yìí ju gbogbo àríyànjiyàn dókítà lọ.

Kúkúrú kì í ṣe kíákíá, ṣá o. Kí wọ́n pe èèyàn jọ ní ọjọ́ kejì ìjàǹbá, kí wọ́n ní kó tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ti dáni lójú pé kò ṣàǹfààní. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe fún àwọn tí iná jó ní Wales, tó jáde ní 1997, 26% nínú àwọn tí wọ́n ṣe é fún ló ní àìsàn yìí lẹ́yìn oṣù 13, àmọ́ 9% péré nínú àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń ronú àtipa ara rẹ̀ lọ́wọ́, tàbí tó ṣì ń gbé pẹ̀lú ẹni tó ń lù ú, nílò ààbò kí bírò tó dé.

Èkìtì ń yangàn pé ilé ọ̀jọ̀gbọ́n ni, àmọ́ ìyá àgbà tí wọ́n lé kúrò lóko lè má mọ̀wé kọ. Ọ̀nà tirẹ̀ wà: Narrative Exposure Therapy, tí àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Konstanz ní Jámánì ṣe. Ní ibùdó àwọn asásálà ní Uganda, ìjókòó mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe é fún àwọn ará Sudan. Lẹ́yìn ọdún kan, 29% ló ṣì ní àìsàn náà, nígbà tí ó jẹ́ 79% nínú àwọn tí wọ́n kàn gbà nímọ̀ràn. Okùn ni wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀, ọjọ́ ìbí ní orí kan. Òdòdó fún ohun rere, òkúta fún ibi, ńlá tàbí kékeré bó ṣe tó. Lẹ́yìn náà, ó di sísọ, òkúta kan lẹ́yìn èkejì, olùtọ́jú á máa kọ ọ́ sílẹ̀, á sì kà á padà fún un ní ìjókòó tó tẹ̀ lé e. Ìyókù okùn tí kò tíì lò ni wọ́n máa ń ká jọ sí ìpẹ̀kun, láìgbé òkúta kankan lé e.