Ìtumọ̀ tó fara sin nínú orin ìfẹ́ kọ́ńtírì

Nínú orin ìfẹ́ kọ́ńtírì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìtumọ̀ tó fara sin ni èyí tí olùgbọ́ ń rí fà yọ nígbà tí orin tí gbogbo ayé kà sí ọ̀rọ̀ àárín ọkùnrin àti obìnrin bá tún gba ìfẹ́ abo sí abo tàbí akọ sí akọ mọ́ra, láìjẹ́ pé akọrin dárúkọ rẹ̀. Ìlú Nashville ní ìpínlẹ̀ Tennessee ni ojúkò orin yìí, níbi tí akọrin tó bá jẹ́wọ́ irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ ní gbangba láyé ọjọ́un ti lè pàdánù iṣẹ́ rẹ̀.

Gírámà wà lára ohun tó fa ọ̀rọ̀ náà. Ní èdè Yorùbá, “ó” kò sọ bóyá akọ ni tàbí abo, bẹ́ẹ̀ ni “olólùfẹ́ mi” kì í tú àṣírí ẹnikẹ́ni. Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀: arọ́pò-orúkọ ọkùnrin yàtọ̀ sí ti obìnrin, ẹni tó bá sì ń ròyìn olólùfẹ́ rẹ̀ kò ní pẹ́ tú u fó. Ọ̀nà àbáyọ ni orin tó jẹ́ pé “èmi” àti “ìwọ” nìkan ló wà nínú rẹ̀.

Wilma Burgess, tí wọ́n bí ní ìlú Orlando ní ọdún 1939, mọ̀ọ́mọ̀ gba ọ̀nà yìí ni. Obìnrin tó fẹ́ràn obìnrin ni, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nashville sì mọ̀. Orin tí kò dárúkọ akọ tàbí abo ló wù ú jù. Nígbà tí Owen Bradley tó ń gbé orin rẹ̀ jáde bá sì mú èyí tó jẹ mọ́ ọkùnrin wá, àdéhùn wọn ni pé bí ó bá kọ èyí tí Bradley fẹ́, yóò kọ èyí tí òun náà yàn. Orin rẹ̀ “Misty Blue” dé ipò kẹrin lórí àtẹ orin kọ́ńtírì Billboard ní ọdún 1966. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, “ìwọ” kan tí akọrin kò lè gbàgbé ni orin náà ń bá wí, olùgbọ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ń fi ẹni tirẹ̀ sí àyè yẹn. Ní àwọn ọdún 1980, Burgess ṣí ilé ọtí kan fún àwọn obìnrin ní Nashville. Ó kú ní ọdún 2003.

Èyí tí àríyànjiyàn pọ̀ lé lórí jù ni “Jolene” tí Dolly Parton gbé jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 1973, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó gbọ́ ọ lórí rédíò ní kékeré ṣì mọ̀ lórí. Obìnrin kan ló ń bẹ obìnrin mìíràn pé kó má gba ọkùnrin òun. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò lórúkọ, kò sí ẹni tó sọ bí ojú rẹ̀ ṣe rí. Ohun tí a gbọ́ ni pé ó ń sọ̀rọ̀ Jolene lójú oorun. Jolene fúnra rẹ̀ ńkọ́? Akọrin yin irun rẹ̀, awọ ara rẹ̀, ẹyinjú rẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀ àti ohùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ki oríkì, ó sì ń pe orúkọ rẹ̀ léraléra títí orin fi parí. Nínú “Fist City” ti ọdún 1968, ẹ̀ṣẹ́ ni Loretta Lynn fi halẹ̀ mọ́ obìnrin tó ń wá ọkọ rẹ̀ kiri. Ìyàtọ̀ yìí gan-an ni Nadine Hubbs, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Michigan, tọ́ka sí nígbà tó ń ṣàlàyé pé ìfà ọkàn obìnrin sí obìnrin wà nínú orin náà. Parton ní tirẹ̀ sọ pé òṣìṣẹ́ báńkì kan tó ń bá ọkọ òun tage ló mú kí òun kọ ọ́, àti pé lẹ́nu ọmọbìnrin kékeré kan tó wá gba ìbuwọ́lù òun ni òun ti gbọ́ orúkọ náà. Ìtàn yìí kò ba àlàyé Hubbs jẹ́, nítorí ohun tó bí orin lọ́tọ̀, ohun tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gbé dání lọ́tọ̀.

Ọdún 1973 yẹn kan náà ni Patrick Haggerty àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Lavender Country, gbé àwo orin kọ́ńtírì kan jáde ní Seattle, tí kò fi ìfẹ́ akọ sí akọ pa mọ́ rárá. Ẹgbẹ̀rún kan péré ni wọ́n tẹ̀, Nashville kò sì kà á sí. Kí ilé iṣẹ́ kan tó tún un tẹ̀ ní ọdún 2014, Haggerty ti di ẹni tó ń lọ káàkiri ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, tó ń kọ àwọn orin kọ́ńtírì àtijọ́ fún wọn.